Ààwẹ̀ Ni àbí Àìsàn? Bí A Ṣe Lè Tètè Mọ Ọmọ tí Oúnjẹ Ti Di Ìṣòro fún

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹ̀fọ́ àti èso tí a ti gbọ́ tí ó sú wa. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí oúnjẹ wà nílé rẹ̀ tí kò jẹ ẹ́ ni, tàbí èyí tí ó jẹ ẹ́ tán tí ó lọ bì í síta níkọ̀kọ̀, tàbí èyí tí ó ń dá jẹun lóru títí inú rẹ̀ fi ń dùn ún, tí ojú sì ń tì í nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Kí n má purọ́, èmi náà rò pé àìsàn àwọn òyìnbó ni irú èyí. Ọmọbìnrin kan ni ó là mí lójú. Ó wà ní kíláàsì tí mò ń kọ́ nígbà kan, ní ilé-kéwú kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú wa níbí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé-kéwú náà. Ọmọ tí ó mọ̀wé ni, tí ó mọ kéwú, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í dún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì bí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ṣe máa ń gbà á. Inú mi dùn sí i. Nígbà tó yá, ó fi Alárùbá kún un. Kò pẹ́ kò jìnnà, kò sí ọjọ́ tí kì í gbààwẹ̀ mọ́ àfi ọjọ́ Jímọ̀ọ́, ọjọ́ Jímọ̀ọ́ náà sì rèé, omi nìkan ni ó ń mu títí di ọ̀sán. Mo mú un dìde níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo ní kí wọ́n wo ẹni tí ó ń fi ayé sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun. Èmi olùkọ́ ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó dákú lórí ìlà ìrun. Nígbà tí a gbé e, ó fúyẹ́ bí ọmọdé tí kò tíì tó ọdún mẹ́wàá. Hìjáàbù ńlá tí ó máa ń wọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa rí apá rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ìyá rẹ̀, tí ó máa ń jáde lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́, ní tí ó bá di àkókò ìṣínu, ọmọ náà yóò jẹ dàbínù kan, yóò mu omi, yóò sì ní òun ti yó. Àwọn ará ilé ń sọ pé ọmọ náà kì í ṣe oníwọ̀ra. Nọ́ọ̀sì tí a gbé e lọ bá kò bi í léèrè ààwẹ̀ rárá. Ó bi í pé, “Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ kẹ́yìn?” Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 2004, àwọn oníṣègùn ọpọlọ kan tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ girama méjì ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Gánà. Wọ́n wọn àwọn ọmọbìnrin 668. Wọ́n rí mẹ́wàá nínú wọn tí ó rù kọjá ààlà, tí ó jẹ́ pé fífi ebi pa ara wọn nìkan ni ó fà á, kò sí àìsàn mìíràn. Ohun tí ó mú mi dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí mo kà á ni èyí: kò sí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́wàá náà tí ó ní òun ń bẹ̀rù pé òun yóò sanra. Gbogbo wọn ni ó ka àìjẹun wọn sí ohun rere, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni wọ́n sì fi ń ṣàlàyé rẹ̀: pé àwọn ń kó ara àwọn ní ìjánu, pé ebi kò lè jọba lórí àwọn. Bí ẹni pé ọmọ kíláàsì mi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nílé níbí náà, àkọsílẹ̀ wà. Ní ọdún 1981 ni dókítà kan kọ̀wé nípa ọmọ Nàìjíríà kan tí ó ní àìsàn yìí, nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1988, Dókítà Famuyiwa kọ nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì mìíràn. Ènìyàn díẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ó mọ̀ ọ́n ni a lè kà. Mélòó ni a gbé lọ sílé aláàfáà, tàbí sílé adáhunṣe, tí a ní ayé ló ń bá a jà?

Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe fífi ebi pa ara ẹni yìí ni anorexia nervosa. William Gull, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1873, ṣùgbọ́n dókítà mìíràn, Richard Morton, ti ṣàpèjúwe irú rẹ̀ láti 1689. Ẹ ò rí i pé ó ti wà kí tẹlifíṣọ̀n tó dé ayé. Ìkejì, èyí tí ènìyàn máa ń jẹ àjẹjù, tí yóò sì bì í tàbí kí ó lo oògùn ìyàgbẹ́ kí ó lè jáde lára, ni bulimia. Gerald Russell ni ó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1979. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni àjẹjù tí kò ní èébì nínú, tí ẹni náà kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àjẹyó ọjọ́ Iléyá o. Ó sì tún kù ọ̀kan tí n óò sọ níwájú, èyí tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ kékeré jù.

Kò túmọ̀ sí pé ohun tí ojú ń rí kò dá kún un. Ní erékùṣù Fíjì, níbi tí wọ́n ti ń yin ènìyàn tí ó bá sanra gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ṣe, tẹlifíṣọ̀n dé àgbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Nadroga ní ọdún 1995. Lọ́dún náà, kò sí ọmọbìnrin kan nínú àwọn tí Dókítà Anne Becker bi léèrè tí ó ní òun ń bì kí òun má baà sanra. Nígbà tí ó fi máa di 1998, nǹkan bí mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní òun ń ṣe é. Tiwa ti dé Ìbàdàn láti 1959, nítorí náà n kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ báyìí, àti ní Agó-Ìwòyè tí yunifásítì wà, àti ní Àbígí lẹ́bàá omi. Tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé sì ń bá ọmọ ọdún méjìlá pàdé lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí a má sì gbàgbé ẹnu tiwa. Ìjẹ̀bú a máa yànàkú ara wọn: “Ọ̀rọ̀bọ̀, ta ni yóò gbé ọ níyàwó?” Ẹ̀gbọ́n mìíràn yóò wí fún ẹni tí ó rù pé, “Lẹ́pa, ṣé ìyá rẹ kì í fún ọ lóúnjẹ ni?” A ó rẹ́rìn-ín, a ó lọ. Ọmọ náà kò lọ níbì kankan, ó dúró síwájú dígí.

Nísinsìnyí, kí ni a óò máa wò?

Rírù kọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ hàn. Ìwà ni. Ọmọ tí ó máa ń bá gbogbo ilé jókòó ti ìkọ́kọrẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé òun ti jẹun nílé ọ̀rẹ́. Bí ó bá dé ilé ọ̀rẹ́, yóò ní òun ti jẹun nílé. Yóò fẹ́ láti máa se oúnjẹ, yóò máa bu ún fún àwọn àbúrò rẹ̀ ní àkúnya, kò sì ní fi kan ẹnu. Yóò máa fi òkèlè kan ṣeré nínú abọ́ títí gbogbo ènìyàn fi jẹ tán. Owó oúnjẹ tí ẹ fún un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ yóò máa ṣẹ́ kù, tàbí kí ó máa fi ra nǹkan fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ilé tí ọmọ márùn-ún ti ń jẹ nínú abọ́ kan, èyí ṣòroó mọ̀: abọ́ a ṣófo, ìyá a sì gbà pé gbogbo wọn ni ó jẹ. Bí ọkàn ìyá kan kò bá balẹ̀ lórí ọmọ kan, kí ó bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, láìpariwo, kí ó wò ó.

Ti ẹni tí ó ń bì yàtọ̀. Òun lè má rù rárá, ó tilẹ̀ lè sanra. Ohun tí ẹ óò rí ni pé bí ó bá ti jẹun tán báyìí, ó ti dìde lọ sí ilé ìwẹ̀ tàbí ẹ̀yìnkùlé, yóò sì pẹ́ níbẹ̀. Oúnjẹ a máa pòórá nínú ìkòkò lóru. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè wú bí ti ẹni tí ó ní sẹ́gede, eyín rẹ̀ yóò máa jẹ, ẹ̀yìn ìka ọwọ́ rẹ̀ yóò sì ní àpá níbi tí eyín ń gbá a. Ẹ má fi ojú kékeré wo èébì yìí. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní potassium tí ọkàn fi ń lù. Èébì àti oògùn ìyàgbẹ́ a máa fà á jáde lára, ọkàn sì lè dáwọ́ dúró lójijì lára ọmọ tí ó rìn wá sílé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Karen Carpenter, olórin Amẹ́ríkà tí okìkí rẹ̀ kàn, ẹni ọdún 32 ni nígbà tí ọkàn rẹ̀ kọṣẹ́ ní 1983 nítorí ohun tí àìsàn àìjẹun ti ṣe fún un.

Lára tí ó bá ti ń rù, òtútù a máa mú un nígbà tí oòrùn ń mú àwọn yòókù. Òòyì a máa kọ́ ọ bí ó bá dìde láti ìforíkanlẹ̀. Irun orí a máa já, irun wẹ́wẹ́ mìíràn a sì máa hù sí ẹ̀yìn àti apá rẹ̀. Inú rẹ̀ a le, oorun a dá lójú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ń ní in o. Tiwọn lè jẹ́ eré sísá lówùúrọ̀ àti lálẹ́, àti gbígbé irin láìsinmi, bí ó tilẹ̀ rẹ̀ wọ́n.

Àmì kan wà tí ó jẹ́ ti àwa Mùsùlùmí, tí n kò rí nínú ìwé dókítà kankan, tí ó sì rọrùn fún ìyá láti rí. Ọmọbìnrin tí ó ti bàlágà kì í gbààwẹ̀ nígbà tí ó bá ń rí nǹkan oṣù. Lẹ́yìn Ràmàdáànù ni yóò san án padà. Bí ọmọ yín tí ó máa ń jẹ gbèsè ààwẹ̀ ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́dọọdún bá gba ọgbọ̀n ọjọ́ pé láìjẹ gbèsè kankan, kí ẹ má kàn ní máṣáàláhù. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ bi í pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Nígbà tí ebi bá ti pọ̀ jù lára, nǹkan oṣù a máa dáwọ́ dúró. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn náà, nítorí náà ẹ má fi ẹ̀sùn oyún pàdé ọmọ lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ti àwọn kékeré, ọ̀rọ̀ kì í sábà jẹ́ ti ara sísan. Ní ìhà Ìwópin àti Mákun-Omi tí ẹja jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́, egungun ẹja lè há ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́fun. Wọ́n yọ ọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọmọ náà lè kọ ẹja, kó kọ ẹran, kó kọ ẹ̀bá, kó jẹ́ pé ẹ̀kọ mímu nìkan ni yóò máa gbà, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé yóò tún há. Ọmọ mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé bí oúnjẹ kan ṣe ń yọ̀ tàbí bí ó ṣe ń rùn ni kò lè fara dà, tí oúnjẹ tí ó ń jẹ ń dín kù láti mẹ́wàá sí mẹ́rin sí méjì. Láti 2013 ni àwọn oníṣègùn ti fún èyí ní orúkọ tirẹ̀. Pàṣán kì í wò ó. Ó ń fi kún ẹ̀rù náà ni. Ọmọ tí ó sì ń jẹ iyẹ̀pẹ̀ tàbí ẹfun, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò fún aràn.

Kí a sì ṣọ́ra. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó rù ni ó ní àìsàn yìí. Ibà, aràn, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìtọ̀ ṣúgà, gbogbo wọn a máa mú ọmọ rù. Ilé tí kò sí oúnjẹ sì wà ní àdúgbò wa. Ọmọ tí ebi ń pa nítorí pé kò rí jẹ, oúnjẹ ni ó nílò, kì í ṣe ẹ̀kọ́ tèmi yìí. Ilé ìwòsàn ni wọn yóò ti mọ ìyàtọ̀, ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ara fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Àwọn òbí a máa bi mí pé, ṣé ọmọ kò kàn lè pinnu kí ó jẹun ni? Ìdáhùn wà nínú ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà ní 1944 sí 1945. Ọkùnrin 36 tí ara wọn dá ṣáṣá fínnúfíndọ̀ gbà kí wọ́n dín oúnjẹ àwọn kù fún oṣù bíi mẹ́fà, kí a lè mọ bí a ó ṣe tọ́jú àwọn tí ogun fi ebi pa. Kì í ṣe ara wọn nìkan ni ó yí padà. Wọ́n ń lá àlá oúnjẹ, wọ́n ń ka ìwé oúnjẹ sísè, wọ́n ń jókòó pẹ́ ti abọ́ kan, wọ́n ń bínú, wọ́n ń sá fún ènìyàn. Ebi fúnra rẹ̀ a máa yí ọpọlọ padà. Ọmọ tí ó ti wọ inú rẹ̀ jìn, àìsàn náà ni ó ń bá a ronú.

Ní ti ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ kò lọ́jú pọ̀. Nínú Súrátùl-Bákárà, ẹsẹ 184, Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún aláìsàn kí ó má gbààwẹ̀, àti nínú ààwẹ̀ tí ó jẹ́ ọ̀ranyàn pàápàá. A kò sì fi í ṣe ọ̀ranyàn lórí ọmọ tí kò tíì bàlágà. Nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbọ́ pé Abdullah ọmọ Amr ń gbààwẹ̀ lójoojúmọ́, ó kọ̀ fún un, ó rán an létí pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó kọjá ọjọ́ kan ààwẹ̀, ọjọ́ kan ìsinmi. Bí mo bá ti rántí hádíìsì yìí lọ́jọ́ tí mo mú ọmọ yẹn dìde níwájú kíláàsì, bóyá a kì bá tí dé ibi tí a dé. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ́ àwọn ènìyàn ní hádíìsì náà. N kò kàn rò pé ó kan ọmọ tí ó wà níwájú mi ni.

Èyí tí mo wá fẹ́ràn jù báyìí ni ti Salman. Ó lọ kí Abu Dardai, wọ́n gbé oúnjẹ wá, Abu Dardai ní kí ó máa jẹ, òun ń gbààwẹ̀. Salman ní òun kò ní fi kan ẹnu àfi tí òun náà bá bá òun jẹ. Abu Dardai jẹun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí Ànábì, ó ní òótọ́ ni Salman sọ. Nígbà tí mo ka bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò jẹun ní ilé ìwòsàn Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò jìnnà sí Peckham tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, Salman ni mo rántí. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń lò ó níbẹ̀: wọn kò gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, òbí ni wọ́n ń kọ́ láti jókòó ti ọmọ ní àkókò oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bá a jẹ, kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n má sì dìde títí tí yóò fi jẹ ẹ́. Èsì ìwádìí wọn ní 1987 fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ jù lára àwọn ọmọdé tí àìsàn náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta lára wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ títètè mọ̀.

Ìkìlọ̀ kan: ọmọ tí kò ti jẹun dáadáa láti oṣù púpọ̀, ẹ má ṣe fi ìbínú tàbí àánú rọ oúnjẹ sí i lẹ́nu lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ebi ti pa gan-an, àwọn kan nínú wọn kú nígbà tí wọ́n fún wọn ní oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni, lábẹ́ ojú dókítà. Bí ó bá ti ń dákú, tí àyà rẹ̀ ń já, tàbí tí kò lè dìde láìdi nǹkan mú, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó bá súnmọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Wọ́n lè kọ̀wé sí ilé ìwòsàn yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù, tàbí sí Àrò ní Abẹ́òkúta. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ Àrò, ẹ̀rù a máa bà wá pé wọn yóò ní ọmọ wa ya wèrè. Àrò tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ ní 1954 ni ó kọ́ ayé pé aláìsàn lè máa gbé láàrin àwọn ẹbí rẹ̀ ní abúlé kí ó sì gba ìtọ́jú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí i lára ọ̀rẹ́ yín, ẹ sọ fún àgbàlagbà kan tí ẹ fọkàn tán. Kì í ṣe òfófó. Bí ó bá sì jẹ́ ìwọ tí ò ń ka èyí ni, sọ fún ẹnì kan lónìí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ìyá rẹ.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó tó ọdún kan àti ààbọ̀ kí ara rẹ̀ tó padà. Ìyá rẹ̀ dín ọjà kù, ó ń pẹ́ nílé láàárọ̀ kí wọ́n lè jọ jẹun. Ìyá bàbá rẹ̀ ni ó ń bá a jẹ ọ̀sán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo lọ kí wọn, wọ́n gbé gàrí àti ẹja sísun wá síwájú mi. Mo ní mò ń gbààwẹ̀. Ọmọ náà wò mí, ó ní, “Ààfáà, ṣé Salman ti dé ọ̀dọ̀ yín?” Ààwẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀ranyàn. Mo wẹ ọwọ́ mi, mo jókòó tì í, a jọ jẹun.